Ẹni tó ń sunkún náà lè dúpẹ́, ẹ fi í sílẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́. Ìdúpẹ́ tipátipá yìí ti ń sú mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí ìjọba Kwara fi ní káwọn òṣìṣẹ́ máa wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ 3 péré lọ́sẹ̀ torí owó ọkọ̀, gbogbo wa la mọ ohun tójú ń rí. Àmọ́ tó bá ti di Sunday táńkìsígífìn báyìí, ẹni tó di máìkì mú á ní ká jó bí ẹni tí ò nígbèsè, ẹni tí ò bá ti jó, aláìmoore ni.

Màmá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀fà níbí, èlùbọ́ ni wọ́n ń tà, wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n sìnkú ọkọ wọn. Wọn ò jó o, wọ́n kàn rọra ń rìn lọ síwájú, igba náírà kan wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n ti ká ká ká títí tó fi kéré bí ẹ̀wà. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní "Bàbá, ẹ ṣé o", ẹkún bá gbọ̀n wọ́n. Kí úṣà má kúkú wá fọwọ́ tọ́ wọn léjìká pé màmá ẹ dìde, ọjọ́ ayọ̀ lòní! Inú bí mi gan-an ni. Ìsìn wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Ẹ lọ ka Habakuku orí 3 dáadáa. Kí wòlíì yẹn tó ní òun á yọ̀, ó kọ́kọ́ ka gbogbo ohun tó wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, èso ò sí, oko ò mú oúnjẹ wá, ẹran tán ní agbo. Ní orí 1 ńkọ́, ṣe ló ń bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Ọlọ́run ò lé e dànù.

Wọ́n á tún ní ṣebí Pọ́ọ̀lù àti Sílà kọrin lẹ́wọ̀n, ilẹ̀ mì, ìlẹ̀kùn sì ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni, ní Fílípì. Ní Kesaríà ńkọ́? Ọdún 2 gbáko ni Pọ́ọ̀lù lò ní àtìmọ́lé níbẹ̀, ilẹ̀ ò mì, ìlẹ̀kùn kankan ò ṣí, kò sì torí ẹ̀ fi Ọlọ́run sílẹ̀. Torí náà èmi ò fara mọ́ kéèyàn máa dúpẹ́ bí ẹni ń san àsansílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ní ẹni tó bá dúpẹ́ oore àná á rí òmíràn gbà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tí òmíràn ò bá wá ńkọ́?

Àwọn ẹbí wa tó jẹ́ mùsùlùmí ní Ìlọrin (ẹ mọ̀ pé ilé kan náà ni wá níbí, ẹ ò lè yà wá), tí nǹkan bá ṣe wọ́n, wọ́n á ní Alhamdulillah, omi á ṣì máa bọ́ lójú wọn, kò sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ tún wo ti ìlú Eruku, ní Kwara wa níbí. Alẹ́ November 18, 2025, inú ìsìn ni wọ́n wà ní CAC tí agbébọn fi wọlé, wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó àwọn yòókù wọgbó. Nígbà tó di November 23, a gbọ́ pé wọ́n ti rí àwọn 38 gbà padà. Ó yẹ ká dúpẹ́, ká dúpẹ́ gan-an! Àmọ́ ẹni tí wọ́n dá ọmọ ẹ̀ padà àti ẹni tó sin òkú, bí wọ́n bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, ṣé orin àjókú-akátá lẹ fẹ́ kí wọ́n jọ kọ? Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ̀yin kúáyà, ẹ jọ̀ọ́, tí ìlù bá ti dún tó, ẹ fi orin kan síbẹ̀ tí èèyàn lè jókòó kọ.