Slot kan, àyè mélòó?

Lánàá, mo jókòó ti fóònù kan, mò ń ki káàdì SIM bọ ojú ihò rẹ̀. Káàdì ọ̀hún ò ju mìlímítà 12.3 ní gígùn àti 8.8 ní fífẹ̀ lọ, wọ́n sì ti gé igun rẹ̀ kan. Mo kì í bọ̀ ọ́, ó kọ̀. Mo tún kì í, ó tún kọ̀. Ìgbà tí mo yí i po ló wọlé wẹ́rẹ́. Lójú tèmi, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní slot gan-an nìyẹn: ihò tó ti mọ ohun tó ń retí, tí kò sì ní gba òmíì.

Àmọ́ ẹ bá mi wo ti pápákọ̀ òfuurufú. Kò síhò kankan níbẹ̀. Àṣẹ ni, pé kí bàálù yín gbéra tàbí kó balẹ̀ lásìkò báyìí. Lọ́dún 2016, ìròyìn gbé e pé iléeṣẹ́ bàálù Oman Air ra irú àyè méjì bẹ́ẹ̀ ní Heathrow, pápákọ̀ òfuurufú kan ní London, ọ̀kan fún ìbalẹ̀, ọ̀kan fún ìgbéra, ní mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ẹni tó bá gbà á tí kò lò ó tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lè pàdánù rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀. Òun ló jẹ́ kí àwọn bàálù kan máa fò lófìfo ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà dé, kí wọ́n tó dá òfin náà dúró ná.

Ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ńkọ́? Ihò tí wọ́n ń ju owó ẹyọ sí ló sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbowó ẹyọ mọ́, orúkọ ò lọ. Àwọn ọdẹ Gẹ̀ẹ́sì tún ń pe ojú ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín ní slot! Ìyẹn, mo fi sílẹ̀ fún wọn.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń hun gbólóhùn gígùn gbọọrọ láti fi túmọ̀ rẹ̀. Ṣebí a ní àyè. “Mi ò ráyè,” àkókò nìyẹn. “Ẹ fún mi láyè kí n jókòó,” ibi ìjókòó nìyẹn. “Wọn ò gbà á láyè,” ọ̀rọ̀ àṣẹ dé nìyẹn. Ti SIM àti owó ẹyọ nìkan ni màá pè ní ojú ihò.

Láàárọ̀ yìí ni mo pe ọ́fíìsì kan pé mo fẹ́ wá rí wọn.

“Ẹ má bínú sà, kò sí slot mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì.”

Mo ní, “Ṣé kò sáyè ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà, kò sáyè.”