Orúkọ Henry Johnson Kò Yẹ Kó Kúrò Lára Bárékè

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn aláṣẹ ológun Amẹ́ríkà ti dojú òwe náà délẹ̀: orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ mú lọ́wọ́, wọ́n wá ń wá ilé tí yóò jẹ́ ẹ. Lọ́dún 2023, wọ́n yọ orúkọ Polk kúrò lára bárékè ńlá kan ní Louisiana, wọ́n fi ti Sájẹ́ǹtì Henry Johnson rọ́pò rẹ̀. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, wọ́n ní Polk ń padà bọ̀. Polk àkọ́kọ́ jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù tó lẹ́rú, tó sì di ọ̀gágun nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà fún àwọn tó jà kí oko ẹrú má baà parẹ́. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí, wọ́n ní bíṣọ́ọ̀bù náà kọ́, James Polk ni, tó gba àmì ẹ̀yẹ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. A kò bá James jà, akin lòun náà. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ti orúkọ tó bára mu, wọn kì bá tí rántí rẹ̀.

Alágbàárù ni Johnson ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Albany kó tó wọṣẹ́ sọ́jà lọ́dún 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Àwọn aláwọ̀ funfun kò fẹ́ bá aláwọ̀ dúdú jà pọ̀, ni Amẹ́ríkà bá fa ẹgbẹ́ ogun 369 tirẹ̀ lé Faransé lọ́wọ́. Lóru ọjọ́ kan ní oṣù karùn-ún 1918, òun àti Needham Roberts ń ṣọ́ yàrà lẹ́bàá igbó Argonne nígbà tí àwọn Jámánì, ó kéré tán méjìlá, ya bò wọ́n. Roberts fara gbọgbẹ́. Johnson ju bọ́ǹbù àfọwọ́jù títí ó fi tán, ó yìnbọn títí ìbọn fi há, ó sì gbá ìdí ìbọn náà mọ́ wọn lórí títí igi rẹ̀ fi fọ́. Wọ́n ti ń wọ́ Roberts lọ. Johnson fa ọ̀bẹ yọ, ó gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà. Ọgbẹ́ 21 ló wà lára rẹ̀.

Faransé fi Croix de Guerre, àmì ẹ̀yẹ akin lójú ogun, dá a lọ́lá. Amẹ́ríkà fi orúkọ rẹ̀ polówó sítáǹpù tí wọ́n ń tà láti fi rówó jagun, àmọ́ ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kò mẹ́nu ba ọgbẹ́ kankan. Ogún ó lé kan, akọ̀wé kò rí ẹyọ kan kọ! Ó kú ní 1929 láìgba àmì ẹ̀yẹ kankan lọ́wọ́ ìlú rẹ̀. Purple Heart, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun, dé ní 1996. Ó di 2015 kí Obama tó fún un ní Medal of Honor, èyí tó ga jù lọ, lẹ́yìn tí wọ́n rí ìwé kan tí Ọ̀gágun Pershing, olórí ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Faransé, kọ nípa rẹ̀ nígbà ogun náà gan-an.

Àwọn kan yóò ní àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ ṣì wà, kí ni ti pátákó ẹnu géètì? A kò gbà. Inú àpótí ni àmì ẹ̀yẹ ń gbé. Ẹnu ọmọ ogun tuntun tó ń sùn ní bárékè ni orúkọ ń gbé. Ẹni tí ìwé ti pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìwà ìkà ni kí wọ́n tún fi pátákó pa á rẹ́. Kí wọ́n dá orúkọ rẹ̀ padà.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Ẹ wo orúkọ bárékè tiwa: Letmauk n'Íbàdàn, Arakan l'Ápápá, Dodan n'Íkòyí: ibi tí àwọn bàbá wa ti bá Japan jà ní Burma nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n fi sọ gbogbo wọn. A rántí ilẹ̀, a gbàgbé ẹni tó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Isaac Fadoyebo, sọ́jà ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, gba ọta ìbọn ní Burma ní 1944; ìdílé Mùsùlùmí kan ló fi í pa mọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Mélòó nínú ọmọ Ọ̀wọ̀ ló gbọ́ ọ rí? Ní Lọ́kọ́ja, bárékè kan ń jẹ́ Chari Maigumeri, sájẹ́ǹtì-méjọ̀ tó jagun fún Jámánì ní Kamẹrúùnù kó tó di ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kò ṣòro láti fi orúkọ sọ́jà sọ bárékè. Kí àwọn ológun wa ṣí ìwé ogun Burma sílẹ̀ fún àwọn ẹbí, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tó kú ní Letmauk sára ògiri bárékè tó ń jẹ́ Letmauk, níbi tí ẹni tó ń kọjá lọ yóò ti lè kà á.