Lésà Kì í Fòpin sí Ẹ̀jẹ̀ Imú Àjogúnbá
Àwọn kan kọ ọ́ pé bí wọ́n bá fi lésà (ìtànṣán iná alágbára) tọ́jú imú ẹni tó ní HHT, àrùn àjogúnbá tí kì í jẹ́ kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kan dá bó ṣe yẹ, tí wọ́n fi ń tètè ṣẹ̀jẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, imú náà kò ní ṣẹ̀jẹ̀ mọ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín, tó rí bí àmì pupa kéékèèké nínú imú, tí fífọn imú lásán lè bẹ́, ni lésà ń sun. Ẹ̀jẹ̀ á sì dínkù fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n àbùkù tí aláìsàn jogún ṣì wà lára rẹ̀, nítorí náà irú iṣan bẹ́ẹ̀ mìíràn yóò tún yọ, aláìsàn náà yóò sì tún padà sọ́dọ̀ dókítà. Wọn kò tilẹ̀ mẹ́nu ba ewu ìtọ́jú náà: bí wọ́n bá sun ọ̀gangan kan náà nínú ihò imú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ògiri àárín imú lè lu.