Ẹ yéé pe Adélabú ní púrúǹtù

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Ẹ ṣáà dárúkọ Adégòkè Adélabú, olóṣèlú Ìbàdàn ayé ọjọ́un, níbi táwọn èèyàn jókòó sí, ẹnì kan á ní ṣebí tọ́ọ̀gì Ìbàdàn tí ò kàwé yẹn ni, tó fẹ́ sọ gírámà tó wá ń pè é ní pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì. Irọ́ ni! "Peculiar mess" lọkùnrin náà sọ nílé ìgbìmọ̀, ó sì pè é bó ṣe yẹ kó pè é, àwọn èèyàn wa tí ò gbọ́ òyìnbó ni wọ́n gbé e bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ, ó dùn mọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n bá fi sọ ọ́ lórúkọ. Ṣé etí àwa tó ń gbọ́ la wá fẹ́ tìtorí ẹ̀ sọ pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò mọ̀wé?

Òkè Olúòkun n'Ìbàdàn ni wọ́n ti bí i, 1915. Ó kàwé ní St. David's Kúdẹtì, 1931 ló wọ Government College Ìbàdàn, ẹ sì mọ̀ pé nígbà yẹn kì í ṣe ọmọ gbogbo èèyàn ló ń débẹ̀, ó tún dé Yaba Higher College, owó UAC, iléeṣẹ́ òwò àwọn òyìnbó, ló gbé e lọ, kò sì pẹ́ tí UAC náà fi gbà á síṣẹ́, tó wá di mánéjà lásìkò tó jẹ́ pé òyìnbó ló ń jókòó sírú àga bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1952 ó fi èdè òyìnbó kọ odidi ìwé lórí òṣèlú àti òmìnira, Africa in Ebullition, gírámà inú ẹ̀ sì le débi pé ọ̀mọ̀wé gan-an á wá díṣọ́nárì.

Mo rò pé àwọn tó ń bá rìn ló jẹ́ kí irọ́ yìí rílẹ̀ jókòó. Àgbẹ̀, mọ́gàjí, àwọn tí owó orí ń dá lóró, àwọn ni ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́ ẹ̀, tó fọwọ́ so pọ̀ mọ́ NCNC, ẹgbẹ́ òṣèlú Azikiwe, ń jà fún, Yorùbá Ìbàdàn pọ́ńbélé ló sì fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá jìnnà sí wọn á rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

1954 ó di alága kánsù Ìbàdàn, 1955 ó di mínísítà ìjọba àpapọ̀, ipò méjèèjì ló dì mú pọ̀. Mi ò sọ pé kò lẹ́bi o. Ìgbìmọ̀ Nicholson wádìí kánsù yẹn, wọ́n bá a wí, ó sì fi ipò méjèèjì sílẹ̀ lọ́dún 1956. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá a jà, ẹ bá a jà níbẹ̀, ìyẹn wà nínú àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà ló di olórí alátakò nílé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn, tó ń kojú Awólọ́wọ̀ nílé tó jẹ́ pé òyìnbó ni wọ́n fi ń jiyàn. Ṣé púrúǹtù ni NCNC máa tì síwájú Awólọ́wọ̀ ni?

25 March 1958 ni jàǹbá ọkọ̀ pa á nítòsí Òde Rẹ́mọ, Èkó ló ti ń bọ̀, ọmọ ọdún 42 péré. Ìgboro Ìbàdàn dàrú, ẹ̀mí ṣòfò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sunkún ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni ò lè ka ìwé tó kọ.