Àmì pupa lórí MyChart kì í ṣe àìsàn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ ti mọ̀ ọ́n: wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú fóònù ti dún pé èsì ti dé sórí MyChart, áàpù tí ilé ìwòsàn fi ń fi èsì àyẹ̀wò han aláìsàn. Láti oṣù kẹrin ọdún 2021 ni òfin ti ní kí ilé ìwòsàn má ṣe há èsì mọ́wọ́ láìnídìí, nítorí náà ẹ lè rí i kí dókítà tó rí i. Ẹ ṣí i, ẹ bá "L" pupa níbẹ̀, ìyẹn "low": nọ́ńbà yín kéré sí ààlà tí lábù fi sílẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, ẹ ti pe màmá n'Íbàdàn pé kí wọ́n gbààwẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀rọ ti rí àìsàn. Ìṣirò lásán ló ṣe o. Ara àwọn tí ara wọn le ni wọ́n ti ń mú ààlà wọ̀nyẹn: wọ́n á mú ìdá 95 nínú 100 tó wà láàárín, wọ́n á yọ tòkè-tìsàlẹ̀ kúrò. Àwọn tí wọ́n yọ náà kò kúkú ṣàìsàn! Tí wọ́n bá yẹ nǹkan 20 tí kò tan mọ́ra wò lára ẹni 100 tí ara wọn le, bí 64 nínú wọn ni yóò rí ó kéré tán àmì kan.

Èyí tó kàn wá jù ni neutrophil, ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun. Ọ̀pọ̀ lábù fi 1,500 nínú microliter ẹ̀jẹ̀ kan ṣe ìsàlẹ̀ ààlà. Àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ní Duffy, irú purotéènì kan, lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀. Àìní yìí ló ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ vivax, irú ibà ẹ̀fọn kan, òun náà ló sì ń mú kí neutrophil inú iṣan wa kéré sí ti òyìnbó. Kò ní kí àrùn tètè mú wa. Síbẹ̀ wọ́n ti gún egungun àwọn èèyàn dúdú láti yẹ mùdùnmúdùn inú rẹ̀ wò lórí ọ̀rọ̀ yìí, lásán. Tí tiyín bá ti wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún mélòó kan, ẹ ní kí dókítà yẹ Duffy yín wò.

Àìsí àmì náà kì í ṣe ìwé ẹ̀rí àlàáfíà. Creatinine, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, lè wà láàárín ààlà kó sì máa gòkè lọ́dọọdún. Ẹ fi tèsí wé e.

Potassium tó ga (iyọ̀ kan ni nínú ẹ̀jẹ̀) wà lára èyí tí mi ò ní ní kẹ́ ẹ fọwọ́ lẹ́rán máa wò. Lóòótọ́, tí nọ́ọ̀sì bá wá iṣan títí kó tó rí i, sẹ́ẹ̀lì lè fọ́ sínú ìgò kí nọ́ńbà sì ga lórí irọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ga lóòótọ́ lè dá ọkàn dúró. Ẹ pe ọ́fíìsì dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ gbà.