Òfin ìwà kan kánsẹ́lọ̀ náà

Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Ẹ ní kí àwọn ọ̀dọ́ Yàgbà àti Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogí tó fẹ́ du ipò kánsẹ́lọ̀ má da ara wọn láàmú nítorí òfin ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, pé gómìnà àti mínísítà nìkan ló kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì lè kó ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà. Àfikún karùn-ún ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 dárúkọ alága, kánsẹ́lọ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Gbàrà tí wọ́n bá dé ipò ni wọn ó kọ dúkìá àti gbèsè wọn fún Code of Conduct Bureau, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin ìwà yìí. Wọn ó tún kọ ọ́ nígbà tí sáà wọn bá parí. Ẹni tó bá purọ́ níbẹ̀ lè pàdánù ipò náà, kí wọ́n sì fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ di ipò ìjọba mú fún iye ọdún tí kò ju 10 lọ.

Ti ẹ̀bùn ló ká mi lára jù. Òfin gba ohun tí ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ bá fúnni níwọ̀n tí àṣà gbà. Owó tí agbaṣẹ́ṣe bá mú wá nítorí pé wọ́n bá a fọwọ́ sí ìwé, rìbá ni.

Alága tí iṣẹ́ ìjọba gba gbogbo àkókò rẹ̀ kò tún gbọdọ̀ máa darí òwò tirẹ̀. Oko nìkan ni òfin yọ sílẹ̀: ó lè máa dáko iṣu rẹ̀ ní Ìyàrà.