Àgbà Kì í Wà Lọ́jà, Kórí Ọmọ Tuntun Wọ́

Ìyá pọn ọmọ wọ ọjà. Oorun gbé ọmọ lọ, ọ̀já tú díẹ̀, ọrùn ọmọ sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá kò lè rí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ wà. Ẹni tó jókòó ti igbá ata ló lè rí i, ìdí nìyí tí òwe fi gbé e kọ́ àgbà lọ́rùn. Ẹ wo ohun tí àgbà yẹn máa ń ṣe: kò na ìyá ọmọ, kò bú u, kò sì ní kí wọ́n lọ pe ọlọ́pàá wá. Ó nawọ́, ó gbé orí ọmọ tọ́, ó bá ìyá fún ọ̀já le. Ó sì tètè ṣe é, torí orí tó wọ́ láti Ojúẹlẹ́gba dé Yábà ti di ọ̀ràn mìíràn.

Ọjà Yábà ní Èkó ni a óò fi òwe yìí wò. Ọ̀dọ́bìnrin tó bá gba etí Tẹ́júoṣó kọjá mọ bó ṣe ń rí: wọ́n á pè é, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n á fà á ní bàágì, ẹlòmíràn á sì fọwọ́ kan ìdí tàbí àyà rẹ̀. Bó bá bínú, wọ́n á bú u, wọ́n á hó lé e lórí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, àwọn obìnrin wọ́de nínú ọjà yìí, wọ́n gbé pátákó dání pé kí wọ́n yé fọwọ́ kan àwọn. Àwọn kan nínú ọjà hó lé àwọn náà. Òfin kò dákẹ́ o: ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni òfin ìwà ọ̀daràn ìpínlẹ̀ Èkó là sílẹ̀ fún ẹni tó bá fi ìbálòpọ̀ yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀ràn ni òfin máa ń dé. Àgbà ọjà ti wà níbẹ̀ kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀.

Kí ló ń mú àwọn ọkùnrin tó ń pe oníbàárà lójú ọ̀nà yìí fa èèyàn? Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe oní-ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á mú ṣòkòtò méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́ oní-ṣọ́ọ̀bù, ká ní ó dá ₦8,000 lé ọ̀kan. Bí wọ́n bá tà á ní ₦10,000, ₦2,000 ni tiwọn. Bí oníbàárà bá kọjá lọ, òfo ni. Ẹni tí ẹsẹ̀ oníbàárà di oúnjẹ fún kò ní fẹ́ kí ẹsẹ̀ náà lọ. Èyí kò sọ ọ́ di àre, ṣùgbọ́n ó fi ibi tí okùn wà hàn wá: ọwọ́ ẹni tó ń fún un lọ́jà ni.

Ẹ̀yin oní-ṣọ́ọ̀bù, ẹ jókòó ní láìnì yín, kí ẹ fẹnu kò: ẹnu lè pe oníbàárà, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn án. Ẹni tó bá rú u lẹ́ẹ̀kíní, kí ó má rí ọjà gbà lọ́jọ́ náà. Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ fà á lé ọ́fíìsì ọjà lọ́wọ́. Ibi tí ètò yìí ti máa ń bàjẹ́ ni kí ṣọ́ọ̀bù kan kọ̀, kí èkejì sì fún un. Á kàn sún síwájú díẹ̀ ni, á tún nawọ́. Gbogbo láìnì ló gbọ́dọ̀ kọ̀ pa pọ̀. Ẹ má nà án. Ẹni tí ẹ bá nà ní ọ̀sán mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín ní òru.

Ẹ wo ojú ọ̀nà pẹ̀lú. Ọjà tí a tẹ́ jáde sí ojú ọ̀nà ń sọ ọ̀nà di ibi tí ara fi ń kan ara, níbi tí ara bá sì ti ń kan ara, a kò lè mọ ọwọ́ jágùdà yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń kọjá. Ẹ fi bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sílẹ̀, kí ẹni méjì tó ru ẹrù lè pàdé láìfara kan ara. Iná náà ńkọ́? Ẹ kọjú rẹ̀ sí ọ̀nà, kì í ṣe sí aṣọ nìkan. Àárín agogo 6:30 sí 8:00 alẹ́, tí kálukú ń palẹ̀ mọ́, ni ojú máa ń dín kù, ẹni tó bá kẹ́yìn ni kó pa iná.

Ẹni tó wà nítòsí tí ọ̀ràn ń ṣẹlẹ̀, obìnrin yẹn ni kó bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń fà á. “Ọmọ mi, ibí ni mo wà o, máa bọ̀.” Bí ìyá tó ń ta ata bá pè é báyìí, bí ẹni pé ó ti mọ̀ ọ́n rí, ọwọ́ tó dì í mú máa ń rọ̀. Ẹ dúró sí àárín wọn. Ẹ má di ẹ̀wù ọkùnrin náà mú. Bí ẹ bá máa bá a sọ̀rọ̀, kó kúrú: “Fi í sílẹ̀.” Ẹ má pariwo “Olè!” láé. Ọ̀rọ̀ yẹn ti gbé táyà àti epo wá sọ́rùn ẹni tí kò jalè rí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, òótọ́ ni. Inú mi kì í dùn bí wọ́n bá fi òwe yìí dá obìnrin tí wọ́n fọwọ́ kàn lẹ́bi, ẹrù ọjà ni ó yẹ ká fi ṣọ́. Kí ẹ tó wọ ọjà, ẹ gbé bàágì sí iwájú, ẹ ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀. Ẹ lọ sínú ètò fóònù, ẹ fi nọ́ńbà àṣírí sórí síìmù fúnra rẹ̀. Bí ojú fóònù nìkan lẹ bá tì, olè á yọ síìmù sínú fóònù mìíràn, á sì máa gba ọ̀rọ̀ tí báǹkì ń fi ránṣẹ́. Síìmù tí a tì máa ń há bó bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ tẹ *#06#, kí ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù oní-15 tó bá jáde sínú ìwé nílé.

Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 112 àti 767. Bí obìnrin náà bá sì fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn, kí ẹni tó rí i tẹ̀lé e, kó mọ agogo tó ṣẹlẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí. Bó bá jẹ́ ìyá aláta ló tẹ̀lé e, ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á bá a ṣọ́ igbá ata títí á fi dé.